Owó Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Àlájà tí ilé wa jọ fara kan ara ló bi mí ní ìbéèrè kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí a jọ dúró lẹ́nu géètì tí à ń retí alájọ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o. Mo máa ń gbọ́ àdúrà yín láti ojú fèrèsé. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kó pèsè oúnjẹ. Ojoojúmọ́ náà lẹ sì ń gbé báàgì jáde lọ síbi iṣẹ́. Ta lẹ gbẹ́kẹ̀ lé gan-an, Ọlọ́run ni àbí owó oṣù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí òun náà ń kírun ní ìdájí kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun kì í fi orin dí àdúgbò létí pé Olúpèsè ò ní jẹ́ kí òun ṣàìní. Kí n tó rí èsì fọ̀ ni alájọ dé. A san tiwa, ó fàmì sí káàdì, oníkálùkù bá tirẹ̀ lọ. Ìdáhùn tí mo padà fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí, fún un àti fún ẹnikẹ́ni tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá ń jẹ lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: òòjọ́. Àdúrà tí Jésù fi kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ọmọ onígbàgbọ́ máa ń mọ̀ lórí kó tó mọ ìwé kà, ní ẹ̀bẹ̀ oúnjẹ nínú. Oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n túmọ̀ bẹ́ẹ̀, epiousios, ti da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú tipẹ́, torí pé yàtọ̀ sí inú àdúrà yìí, agbára káká ni wọ́n fi ń rí i nínú ìwé àtijọ́ kankan. Àwọn kan ní ó túmọ̀ sí "ti òní", àwọn kan ní "ti ọjọ́ tó ń bọ̀", àwọn kan ní "èyí tó tó láti gbé ẹ̀mí ró". Kò sí ẹni tó sọ pé oúnjẹ ọdún kan ló túmọ̀ sí.

Àwọn tí Jésù ń bá sọ̀rọ̀ mọ ohun tí òòjọ́ jẹ́. Alágbàṣe pọ̀ láàárín wọn. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àkàwé rẹ̀, ó sọ nípa olóko àjàrà tó jáde lọ sí ọjà ní ìdájí láti wá òṣìṣẹ́, tó tún padà lọ léraléra, tó sì bá àwọn kan lórí ìdúró nígbà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, tí ẹnikẹ́ni ò gbà wọ́n síṣẹ́. Àwa náà mọ irú wọn. Ẹ kọjá ní ìkóríta ńlá èyíkéyìí láàárọ̀, ẹ ó rí wọn pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ọkọ́, tí ojú wọn ń tẹ̀ lé gbogbo mọ́tò tó bá rọra sáré. Òfin Mósè tilẹ̀ ní kí a san owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, torí pé owó yẹn ló gbọ́kàn lé. Bí irú ẹni báyìí bá ń gbàdúrà oúnjẹ òòjọ́, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló ń bèèrè.

Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ ju ìgbà Jésù lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kúrò lóko ẹrú Íjíbítì, tí ebi mú wọn ní aṣálẹ̀, ìwé Ẹ́kísódù sọ pé wọ́n jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ohun wínníwínní kan lórí ilẹ̀ lẹ́yìn tí ìrì gbẹ. Wọ́n ń bi ara wọn pé kí lèyí, inú ìbéèrè yẹn sì ni orúkọ rẹ̀, mánà, ti jáde. Ómérì kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, nǹkan bíi lítà méjì. Àwọn tó ń ro ti ọ̀la tọ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú àgọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń rùn, ìdin ti bò ó. Bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà, ìlọ́po méjì ni wọ́n ní kí wọ́n kó nítorí ọjọ́ ìsinmi, èyí tí wọ́n tọ́jú lọ́jọ́ yẹn kò sì bàjẹ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí Àlájà kíyè sí nínú ìtàn náà ni pé kùtùkùtù ni wọ́n ń jáde lọ ṣà á, torí tí oòrùn bá ti mú, ó ti yọ́ dànù. Ẹni tó bá sùn di ìyálẹ̀ta, òun àti ebi ni yóò jọ wà di ọjọ́ kejì.

Mo mọ ohun tí Àlájà máa sọ níbí yìí. Yóò ní àwọn náà mọ èyí, pé àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Tawakalítù pọ̀ ní àdúgbò wa, orúkọ náà kò sì ju gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run lọ. Yóò tún rán mi létí ohun tí wọ́n kọ́ wọn nílé kéú nípa ọkùnrin tó bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbọ́kàn lé Ọlọ́run, tí Ànábì ní kó so ó mọ́lẹ̀ ná. Lórí ràkúnmí, ìjà ò sí láàárín wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́ ti ń le díẹ̀ ni pé Jésù tún lọ fọwọ́ kan ọkàn ẹni tó so ràkúnmí. Ó ní àníyàn gan-an ni kó gbé sílẹ̀, torí pé baba ni Ọlọ́run jẹ́ fún un, baba sì mọ ohun tí ọmọ nílò kó tó lanu. Ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ kì í dúró lójú ọ̀nà ṣírò iye tí wọ́n ń ta iṣu.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún sọ nínú ìwàásù. Ẹni tó gbé e lọ sójú ayé, tó sì kọ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti iye owó, ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé.

Wọ́n bí George Müller ní ọdún 1805 ní Kroppenstedt, ní ilẹ̀ Prussia tó ti di ara Jámánì. Kì í ṣe ọmọlúàbí nígbà èwe rẹ̀ rárá. Bàbá rẹ̀ ń gba owó orí fún ìjọba, ọmọ náà sì ń jí nínú rẹ̀. Ní ọmọ ọdún 16, ó lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì láìní owó tí yóò san, wọ́n sì tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di pásítọ̀, kì í ṣe nítorí Ọlọ́run, bí kò ṣe nítorí pé pásítọ̀ nígbà náà máa ń rí ilé gbé àti owó gidi gbà. Ọdún 1825, nígbà tó ń kàwé ní Halle, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ síbi ìpàdé àdúrà kékeré nínú ilé ẹnì kan. Láti ibẹ̀ ni ayé rẹ̀ ti yí padà. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1829, kò pẹ́ ó di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kékeré kan ní Teignmouth, etí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Pọ́nùn 55 lọ́dún ni wọ́n ń san fún un níbẹ̀, láti inú owó tí àwọn ọmọ ìjọ fi ń háyà àga. Olówó ń jókòó níwájú, tálákà ń jókòó lẹ́yìn. Ní 1830, ọdún tó gbé Mary Groves níyàwó, ó sọ fún ìjọ pé òun ò gba owó oṣù mọ́. Wọ́n gbé àpótí kan sínú ilé ìjọsìn kí ẹni tó bá fẹ́ fún un ní nǹkan fi síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tó fi sí i àti ẹni tí kò fi sí i. Bó ṣe ń gbé láti ìgbà náà títí tó fi kú nìyẹn.

Ọdún 1832 ló kó lọ sí Bristol. Níbẹ̀ ló ti rí ohun tó mú un dá ilé àwọn ọmọ aláìníyàá-aláìníbàbá sílẹ̀, ìdí náà kò sì rí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ó ń bẹ àwọn ọmọ ìjọ wò kiri ilé, ó sì ń rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, tí ara rẹ̀ ti ń bàjẹ́, tí kò ráyè gbàdúrà, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Bó bá ní kó dín in kù, ẹni náà á ní owó tó ń wọlé báyìí gan-an kò tó. Ó ń rí àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù pé ilé àwọn aláìní lòun máa kú sí. Ó ń rí oníṣòwò tó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò mọ́, tó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọjà ń ṣe é. Gbogbo wọn gba Ọlọ́run gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Müller wá rò ó pé tí àwọn ènìyàn yìí bá lè fi ojú ara wọn rí i tí tálákà kan, láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ń bọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ nípa àdúrà nìkan, bóyá ọkàn wọn á le. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ ní kedere pé ìdí kìíní ni láti fi hàn pé Ọlọ́run kò tíì yí padà.

Mo gbádùn bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó gbàdúrà fún ilé, ó gbàdúrà fún owó, fún àwo àti bẹ́ẹ̀dì, fún àwọn tí yóò bá a tọ́jú ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1836, ó lọ jókòó sí ibi tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ mú ọmọ wá fi orúkọ sílẹ̀. Wákàtí kan kọjá, òmíràn kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo kò wá. Ìgbà tó ń rìn lọ sílé ló rántí pé òun ò gbàdúrà fún ọmọ rí. Ó rò pé aláìníyàá ò lè wọ́n nírú ìlú bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kejì sì ni ẹni àkọ́kọ́ dé. Wọ́n ṣí ilé àkọ́kọ́ ní òpópónà Wilson Street ní oṣù kẹrin ọdún náà.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n le. Wọn ò gbọdọ̀ tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn. Wọn ò gbọdọ̀ rajà àwìn, kódà búrẹ́dì. Bí ọwọ́ bá gbẹ, ẹni tó wà níta kò gbọdọ̀ gbọ́. Nígbà kan, ọlọ́rẹ kan kọ lẹ́tà pé ṣé wọ́n nílò owó lọ́wọ́lọ́wọ́. Owó tó kù nílé lọ́jọ́ náà kò tó pọ́nùn kan. Müller dá a lóhùn pé òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan lòun ń sọ ipò àpò fún. Pọ́nùn 100 ni ẹni náà padà fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní agídí nìyẹn, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń dán wò. Tó bá ti sọ fún ọlọ́rẹ náà, kò ní sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́ bóyá àdúrà ló ṣiṣẹ́ ni àbí lẹ́tà.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn ìtàn òwúrọ̀ kan tí àwọn ọmọ jókòó ti àwo òfìfo, tí oníbúrẹ́dì kan ilẹ̀kùn, tí kẹ̀kẹ́ oníwàrà sì bàjẹ́ sẹ́nu ọ̀nà gẹ́lẹ́. Ìtàn dídùn ni. Èyí tí Müller fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1838 ni mo fẹ́ràn jù.

Ilé mẹ́ta ni wọ́n ń bọ́ nígbà náà. Owó ti tán pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ní díẹ̀ lọ́wọ́ ti ń mú un wá láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ọwọ́ tiwọn náà sì ti gbẹ. Láàárọ̀, ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ṣílè 25, òun fúnra rẹ̀ ní ṣílè mẹ́ta. Wọ́n fi èyí ra ẹran, búrẹ́dì, tíì díẹ̀ àti wàrà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni obìnrin kan wọlé. Láti agbègbè Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi owó rán an sí ilé àwọn ọmọ náà: pọ́nùn mẹ́ta, ṣílè méjì àti sísì.

Ibi tí ìtàn náà ti mú mi ni èyí. Obìnrin yìí ti dé Bristol láti bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ibo ló wọ̀ sí? Ilé tó fara kan ilé àwọn ọmọkùnrin gan-an. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ń kúnlẹ̀, tí wọ́n ń kó ṣílè jọ, tí wọ́n ń rò ó pé a ti dé òpin, owó náà wà lẹ́yìn ògiri. Müller kọ ọ́ pé òun bú sí ìyìn nígbà tí òun wà lóun nìkan, torí ó hàn gbangba pé Ọlọ́run ti ní in lọ́kàn tipẹ́ láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ó kàn fẹ́ kí wọ́n bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe túmọ̀ rẹ̀. Aláìgbàgbọ́ lè ní obìnrin náà kàn lọ́ra ni. Òótọ́ ni, ó lọ́ra. Onígbàgbọ́ kì í jiyàn pé ènìyàn kọ́ ló gbé owó wá. Ó ń sọ pé ẹni tó rán ènìyàn náà tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti oṣù kọkànlá ọdún 1857. Lásìkò yẹn wọ́n ti kọ́ ilé ńlá sórí òkè Ashley Down, bọ́ílà tó ń mú ilé kìíní gbóná sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló wà nínú ilé náà, òtútù ti dé, àtúnṣe náà kò sì ṣeé ṣe láìpa iná. Bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ tán ni afẹ́fẹ́ àríwá tó tutù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Müller bèèrè nǹkan méjì: kí afẹ́fẹ́ yí padà sí ti gúúsù, kí Ọlọ́run sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọkàn láti ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n pa iná, afẹ́fẹ́ gúúsù ló fẹ́, ooru mú débi pé wọn ò nílò iná. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe bọ́ílà dé, ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun á pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà fúnra wọn ní rárá o, àwọn á kúkú ṣe é mọ́jú. Kò ju nǹkan bíi wákàtí 30 lọ tí iná fi tún jó. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ti afẹ́fẹ́. Èmi, àwọn tó fi oorun òru wọn sílẹ̀ ni mò ń rò. Nínú àdúrà Müller, àwọn náà jẹ́ ìdáhùn bíi ti afẹ́fẹ́.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí Àlájà bi mí. Àwọn kan wà ní Tẹsalóníkà láyé àpọ́sítélì tí wọ́n pa iṣẹ́ tì, tí wọ́n ń jókòó kiri ilé onílé. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ìjọ náà láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó má jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ń rán àgọ́ tà ní Kọ́ríńtì pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà. Lóòótọ́, ẹ̀yin náà á ti gbọ́ nípa wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà fún ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, tí ẹ̀rọ náà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkejì-Arákejì ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, tó gbọ́ ìpè, tó sì fi iṣẹ́ àti owó oṣù sílẹ̀. Ìpè tirẹ̀ nìyẹn. Gbogbo awakọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ bá dákú kọ́ ló gbọdọ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ti àjọ tí à ń dá nílẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìyẹn kì í ṣe mánà tí à ń kó pamọ́? Mo ti gbọ́ oníwàásù tó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ya mí lẹ́nu, torí inú Bíbélì kan náà ni Jósẹ́fù ti kó ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè Íjíbítì pamọ́ fún ọdún méje, tí ìyẹn sì gba ẹ̀mí là. Müller náà kì í dáwọ́ lé ilé kíkọ́ títí iye tí ilé náà máa jẹ yóò fi pé lọ́wọ́. Àwọn ìjọ wa tó ń fi blọ́ọ̀kù hu koríko fún ọdún mẹ́wàá nítorí pé wọ́n fi ìgbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀, n kò mọ ẹni tó kọ́ wọn.

Ìbéèrè tó le jù kò tíì jáde lẹ́nu Àlájà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣé ebi kì í pa onígbàgbọ́ ni? Ó ń pa á. Pọ́ọ̀lù ka ebi àti òùngbẹ mọ́ ohun tí ojú òun ti rí. Ìyàn mú nígbà ayé Késárì Kíláúdíù, àwọn onígbàgbọ́ Jùdíà kò sì rí mánà kankan. Àwọn tó wà ní Áńtíókù ló dá owó jọ, oníkálùkù bí agbára rẹ̀ ti mọ, wọ́n sì fi rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù. N kò lè ṣàlàyé ìdí tí owó fi ń tètè dé ilé ẹnì kan tí kì í sì í dé ilé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, ẹ fura sí i.

Ṣùgbọ́n mo lè sọ tèmi. Nígbà kan, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọn ò fi san owó oṣù níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbàdúrà o. Ohun tí mo ń bèèrè ni owó oṣù mi, odindi, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò dé. Oṣù kẹfà rẹ̀, lọ́jọ́ tí ìyàwó mi gbọn àpò gààrí títí tí kò sí ohun tó já bọ́ mọ́, ọmọ kan kan géètì. Ìyá rẹ̀ ló rán an. Gààrí wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wà wà nínú ọ̀rá, ìgò epo pupa kan sì wà lórí rẹ̀. Ó ní ìyá òun ní ẹrù tuntun dé, kí a bá wọn tọ́ ọ wò. Ta ló ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tọ́ gààrí wò? Kò sí ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ wa fún. Àmọ́ fèrèsé tí àdúrà mi ń gbà jáde, ojú ilé Àlájà ló kọ sí.

Nínú ìtàn Èlíjà, nígbà tí ọ̀dá dá tí odò tó ń mu gbẹ, Ọlọ́run kò rán an sí ilé ọmọ Ísírẹ́lì kankan. Sáréfátì, lẹ́bàá Sídónì, ni ó rán an lọ, ilẹ̀ àjèjì, sọ́dọ̀ opó kan tó ń ṣa igi méjì láti fi se ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan tó kù fún òun àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Jésù rán àwọn ará ìlú rẹ̀ létí ìtàn yìí ní Násárẹ́tì, inú bí wọn débi pé wọ́n fẹ́ taari rẹ̀ sílẹ̀ láti orí òkè. Wọn ò fẹ́ gbọ́ pé Ọlọ́run gba ọwọ́ àjèjì bọ́ wòlíì. Èmi ti jẹ ẹ́, n kò lè bínú sí i.

Müller ní àwọn tó ń ta kò ó, àtakò wọn kan sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń tẹ ìwé ìròyìn jáde, tó ń ka gbogbo ohun tó wọlé sínú rẹ̀, dé orí ṣíbí àti aṣọ ìbora. Wọ́n ní ìwé yẹn fúnra rẹ̀ ni ìtọrọ. Mo gbà pé ẹni tó bá kà á lè wá fún un lówó. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 1841, nígbà tí àpò gbẹ gidigidi, ó sún ìwé náà àti ìpàdé gbangba tí wọ́n ti máa ń kà á síwájú kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ebi ló ń kà fún wọn. Ẹni tó ń tọrọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé márùn-ún ni ó kọ́ sí Ashley Down láàárín ọdún 1849 sí 1870, tí ọmọ 2,050 lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó fi kú ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1898, ọmọ 10,024 ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, owó tó sì wọlé fún gbogbo iṣẹ́ náà sún mọ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́nùn. Ohun ìní tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ kò tó pọ́nùn 170.

Àlájà, bí ẹ bá wá gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo lórí rédíò pé kí ẹ fi owó ilé ìwé ọmọ ṣe irúgbìn, pé Olúpèsè á dá a padà ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ẹ má torí tirẹ̀ bá gbogbo wa wí. Ẹ kàn bi í léèrè ohun méjì: ìwé owó ọdún tó kọjá dà, èló ló sì wà lábẹ́ orúkọ tirẹ̀?